RSI ọmọ méjì lè bára mu kẹ́sẹ̀ wọn má jọra rárá

Ẹ̀yin kóòṣì tẹ́ ẹ ń tọ́ ọmọ tó ń sáré tàbí tó ń fò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé kọ RSI (Reactive Strength Index, nọ́ńbà tó ń sọ bẹ́sẹ̀ ṣe ń ta padà sókè tó tó bá kanlẹ̀) nìkan sínú ìwé yín.

Drop jump ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá àpótí tó ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ọmọ náà fọwọ́ dìbàdí, kó gbẹ́sẹ̀ kan síwájú kó bọ́ sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fò kúrò lórí ẹ̀ o, bẹ́sẹ̀ ẹ̀ bá ṣe ń kanlẹ̀ báyìí kó ti ta padà sókè, kó ga dáadáa kó má sì pẹ́ nílẹ̀. Ẹ gbé fóònù sún mọ́lẹ̀, ẹ ká a ní slow motion 240 fírémù ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ẹ ka fírémù tó fi wà nílẹ̀ àtèyí tó fi wà lókè, ẹ fi 240 pín in, ó ti di sẹ́kọ́ǹdì nìyẹn. Tó bá lo 0.46 lókè, 0.46 taimsi 0.46 taimsi 1.226 ló máa fún yín ní gíga ẹ̀ ní mítà. Ẹ wá fi àkókò ilẹ̀ pín gíga yẹn, RSI nìyẹn.

Ibi tọ́rọ̀ wà rèé. Ká ní ọmọ kan lo 0.18 nílẹ̀, ó ga tó 26 sẹ̀ǹtímítà, RSI ẹ̀ á jẹ́ 1.44. Èkejì lo 0.26, ó ga tó 37, tiẹ̀ á jẹ́ 1.42. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà nìkan á ní ọ̀kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ yá àmọ́ kò tíì lágbára tó, èkejì lágbára àmọ́ ó ń pẹ́ nílẹ̀, ó ti kọjá 0.25 táwọn kóòṣì máa ń fi ṣe ààlà. Squat (kó máa lóṣòó kó sì máa dìde) lèmi á fún àkọ́kọ́, pogo (kó máa fi ọrùn ẹsẹ̀ ta sókè léraléra láì pẹ́ nílẹ̀) lèmi á fún èkejì.

Àwọn míì ń fi àkókò ilẹ̀ pín àkókò òkè dípò gíga, 2.56 sí 2.11 ló máa jẹ́ fáwọn méjèèjì yìí, ẹ rí i pé ẹni tó yá ló ń gbè, torí náà ẹ má fi wé RSI láé. RSI-mod tún yàtọ̀, orí ìdúró ni wọ́n ti ń fo ìyẹn, àtìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ka àkókò, force plate, ìyẹn pátákó tó ń wọn agbára tẹ́sẹ̀ fi ń ti ilẹ̀, ló sì dáa fún un. Tí kò bá sí àpótí, kó fò léraléra lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ mú márùn-ún tó dáa jù, àròpín wọn lẹ máa kọ.

Tọ́mọ bá ká orúnkún kó tó balẹ̀, àkókò òkè ẹ̀ á gùn lásán, ẹ pa ìyẹn rẹ́ kó tún un fò.