Afẹ́fẹ́ tó há sínú chip ló jẹ mí níyà jù

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nínú gbogbo ìwé ìwádìí tí mo kà kí n tó bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ rẹ̀: wọ́n ti omi sínú chip (pátákó kékeré tó ní ọ̀nà tíntìntín tí omi ń gbà kọjá), ó kún, ó tán. Kò sẹ́ni tó sọ pé ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, pé ibẹ̀ sì ni áńtíbọ́dì olówó gọbọi, èròjà tó ń di sẹ́ẹ̀lì mú, ti máa ń ṣòfò.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó já kúrò lára kókó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ mú. Láti 1869 ni Thomas Ashworth ti rí irú rẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀: nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan, sẹ́ẹ̀lì pupa tó bíi bílíọ̀nù 5, ti jẹjẹrẹ sì lè máà pé mẹ́wàá. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ ní Massachusetts General Hospital gbé chip kan jáde tó ní òpó tíntìntín 78,000. Áńtíbọ́dì tó ń di EpCAM, purotéènì kan tó máa ń wà lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, mú ni wọ́n fi kun àwọn òpó náà, kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè lẹ̀ mọ́ wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rọra kọjá. Sílíkọ́nì ni tiwọn, rọ́bà PDMS ni mo fi ṣe tèmi.

Pípo PDMS mọ́ èròjà tó ń mú un le ní 10 sí 1, yíyan án, fífi plasma (afẹ́fẹ́ tí iná mànàmáná ti yí padà, kì í ṣe ti inú ẹ̀jẹ̀) lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ẹni tó bá ti dé láàbù rí mọ ìyẹn. Tèmi jáde dáadáa, òpó kankan ò wó, inú mi sì dùn sí i.

Àfìgbà tí omi wọlé. PDMS kì í gba omi. Plasma a máa sọ ọ́ di agbomi fúngbà díẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀ ó tún ti padà sídìí àṣà rẹ̀. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, omi pín sọ́nà méjì níwájú àwọn òpó kan, ó pàdé ara rẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó sì sé afẹ́fẹ́ mọ́ àárín. Àárín rẹ̀ mọ́ kedere, etí rẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹ̀jẹ̀ ò ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Tẹ́ ẹ bá sì fi agbára tì í, ó burú jù: etí afẹ́fẹ́ náà á gbá lórí òpó, á sì ká sẹ́ẹ̀lì tó ti lẹ̀ kúrò. Ojú mi ló ṣe, ó dùn mí wọra.

Ohun tó bá mi ṣe é nìyí. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí omi tó tẹ̀lé e, kí áńtíbọ́dì tó débẹ̀ rárá, torí ẹ́tánọ́ọ̀lù á bà á jẹ́. Afẹ́fẹ́ tó bá ṣì kù, ẹ dí ẹnu ọ̀nà àbájáde pa, kẹ́ ẹ rọra tẹ síríńjì. PDMS ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò gba ara rẹ̀ jáde, omi ò sì ní lè tẹ̀ lé e. Á máa kéré sí i, á sì pòórá níṣojú yín. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ o, kó má baà ṣí kúrò lára gíláàsì. Ẹ má sì lo omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde. Bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa yọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ síríńjì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán omi wà lẹ́nu chip, kí òmíràn wà lẹ́nu túùbù, kí méjèèjì fi omi kan ara wọn.

Kí ló ṣòro nínú kí wọ́n kọ gbogbo èyí sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn?

Nígbà tó wá gbà, mo po sẹ́ẹ̀lì MCF-7, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń tọ́jú ní láàbù, mọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, mo sì rọra jẹ́ kó ṣàn bíi mìlílítà kan ní wákàtí kan. Wọ́n wà níbẹ̀ lára òpó: ọkàn wọn (núkílíọ́ọ̀sì) tàn búlúù, cytokeratin, àmì irú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí, tàn, CD45, àmì sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ṣókùnkùn. Mo pe gbogbo ẹni tó wà nítòsí kí wọ́n wá wò ó.

Ẹ̀jẹ̀ ṣì máa ń silẹ̀ nínú síríńjì bó bá pẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì á rì sísàlẹ̀ láì dé inú chip. Mo gbé pọ́ǹpù náà nàró báyìí, kí ẹnu síríńjì kọjú sílẹ̀.