Yàrá ìbùsùn tó gbẹ, tó wà ní títò, tó sì ń tuni lára

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọ̀rinrin ń ba yàrá jẹ́ ju ìdọ̀tí lọ. Ọ̀sà wà lẹ́bàá ìlú, òkun kò jìnnà, òjò sì ń rọ̀ nígbà méjì lọ́dún: láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, lẹ́yìn náà láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá. Ẹni tó ń gbálẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń fín lọ́fínńdà sí gbogbo kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí yàrá rẹ̀ gbẹ, òórùn aṣọ tútù ni yóò máa pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Títo yàrá gan-an, bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀nà láti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ibi gbà ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣí fèrèsé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n á tì í ní aago 7 tí wọ́n bá ń lọ sọ́jà tàbí síbi iṣẹ́. Àkókò yẹn gan-an ni ìrì ṣì wà nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà ọ̀rinrin ni wọ́n ń gbà wọlé. Láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń gbẹ jù. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn nígbà náà, ó kéré tán fún wákàtí 2. Níhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti sábà ń fẹ́ wá, nítorí náà fèrèsé tó kọjú síbẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò sì yẹ kí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí aṣọ títa dí i. Bí fèrèsé bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ chambre-salon (yàrá kan àti pálọ̀) tí àwọn ènìyàn ń yá gbé, ẹ gbé fáànù síwájú rẹ̀, ẹ kọ ojú fáànù náà síta, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn. Fáànù á máa ti afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, èyí tó tutù á gba ilẹ̀kùn wọlé. Ìṣẹ́jú 20 ti tó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ti fèrèsé tí kò bá ní nẹ́ẹ̀tì, nítorí ẹ̀fọn.

Ibùsùn ló ń gba òógùn wa lóru. Ẹ má tẹ́ ẹ kíá bí ẹ bá ti jí: ẹ ká aṣọ ìbora sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí fóòmù rí afẹ́fẹ́ fún wákàtí kan kó tó di pé ẹ bò ó. Fóòmù tí a tẹ́ sórí símẹ́ńtì lásán kì í pẹ́ bu nísàlẹ̀, nítorí ara tó sùn lé e gbóná, símẹ́ńtì tutù, omi á sì máa kó jọ sáàárín àwọn méjèèjì. Pákó tí àlàfo rẹ̀ fẹ̀ tó ìka méjì ni kí ẹ gbé e lé. Ẹni tí kò bá tíì ní bẹ́ẹ̀dì lè tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó máa gbé fóòmù náà dúró ti ògiri láràárọ̀. Ẹ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀, àti aṣọ ìrọ̀rí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà ooru. Oòrùn dára fún fóòmù, ṣùgbọ́n wákàtí 3 tó, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Oòrùn tó pọ̀ jù ń jẹ́ kí ó pọ́n, kí ó sì máa fọ́ wẹ́wẹ́.

Bí ọmọ bá tọ̀ sórí fóòmù, ẹ má da omi lé e. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: omi náà á gbé ìtọ̀ lọ sí inú fóòmù, òórùn rẹ̀ á sì máa jáde ní gbogbo ọjọ́ tí òjò bá ṣú. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ títí tí aṣọ náà kò fi ní fa omi mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ po ife fínígà kan pọ̀ mọ́ ife omi kan, ẹ fi aṣọ rẹ díẹ̀ sí ojú ibẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Kó tó gbẹ tán, ẹ wọ́n bicarbonate tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò sí i kó bo ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò.

Ní ti aṣọ, a ò fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ra kọ́bọ́ọ̀dù tuntun. Ẹ da gbogbo aṣọ sórí ibùsùn lọ́jọ́ tí oòrùn ràn, ẹ yọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ láti ọdún tó kọjá, kí ẹ fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ kún dẹ́nu kò ní àyè fún afẹ́fẹ́, aṣọ ẹ̀yìn ló sì máa ń kọ́kọ́ bu. Ẹ fi àyè tó ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan sílẹ̀ lófo. Ẹ fà á kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé igi tàbí bíríkì. Aṣọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ṣì ní oru omi nínú. Ẹ fi kọ́ síta títí yóò fi tutù kí ẹ tó kó o wọlé. Àpò rọ́bà kọ́ ni a ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí. Agbọ̀n tí ihò wà lára rẹ̀, irú èyí tí ẹ lè rí rà ní ọjà Ouando, ló yẹ ẹ́.

Aṣọ tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kò mọ́ tán tí kò sì dọ̀tí, òun ló ń kún orí àga nínú yàrá. Ẹ kan ìkọ́ mẹ́ta péré sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún un. Bí ẹ̀kẹrin bá dé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ sínú agbọ̀n.

Aṣọ òkè ní ti ẹ̀ nílò sùúrù. Ẹ fi aṣọ funfun olówùú wé e, kí ẹ sì máa tú u jáde ní oṣù méjì-méjì láti tún un ká sí ojú mìíràn, nítorí ojú ìṣẹ́po kan náà ni yóò ti máa gé.

Ògiri tó bá ti bu, tó dúdú lójú, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbọ̀n ọ́n. Ńṣe ni dúdú náà yóò fọ́n ká inú yàrá. Lórí ògiri símẹ́ńtì, ẹ po ife omi Javel (omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun) 1 mọ́ ife omi tútù 15, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn rẹ ibẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó nù ún gbẹ. Ẹ má ṣe po Javel mọ́ fínígà láéláé: afẹ́fẹ́ olóró ló ń tinú rẹ̀ jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí dúdú náà bá padà wá láàárín oṣù kan, ẹ lọ wo ìṣó orí páànù tàbí ògiri ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi ń jò níbì kan. Àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà (àwọn tó padà dé láti Brazil) kọ́, tí ògiri wọn jẹ́ amọ̀ nípọn, kò fẹ́ símẹ́ńtì tàbí ọ̀dà olóròóró lójú, nítorí omi á há sínú amọ̀, ògiri á sì máa ṣí.

Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, eruku ọyẹ́ ló ń yọni lẹ́nu láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Aṣọ tí a rẹ, tí a sì fún dáadáa, ni kí ẹ fi nu yàrá, láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ilẹ̀ jẹ́ ìkẹyìn.

Àwọ̀n ẹ̀fọn tó ní oògùn, irú èyí tí ìjọba ń pín, ni a ṣe láti lò fún nǹkan bí ọdún 3 tàbí fífọ̀ 20. Ẹ má fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Omi tútù àti ọṣẹ lásán ni, kò fẹ́ Javel, abẹ́ ibòji ni kó sì gbẹ, nítorí oòrùn ń pa oògùn ara rẹ̀.

Ìgbà tí yàrá bá ti gbẹ ni òórùn dídùn tó wúlò. Ewé efinrin tàbí kooko ọba tútù ìkúnwọ́ kan nínú àwo ti tó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó rà. Ìkòkò kékeré tí èédú kún inú rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ń fa òórùn burúkú, ṣùgbọ́n ẹ má dáná èédú nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, èéfín tí a kò rí máa ń pani. Ẹ ṣọ́ra fún káfúrà róbótó funfun pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni naphtalène, kẹ́míkà kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà ní ilẹ̀ wa tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, naphtalène sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa ara wọn máa fọ́, kí ojú wọn pọ́n bí ìyeyè. Ẹ má fi sáàárín aṣọ ìkókó rárá. Aṣọ ọmọ tó bá ti bá a gbé, ẹ sá a sí afẹ́fẹ́ fún odidi ọjọ́ kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà.