Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Ọwọ́ Ẹgbẹ́ NBA Nínú Draft: Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ Houston Rockets Wò

Orúkọ ńlá ni gbogbo wa sábà máa ń fi ṣèdájọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo ti ń gẹrun, ẹnì kan á ní Rockets mọ ọmọ ṣà, ṣebí àwọn ni wọ́n mú Hakeem Olajuwon. Ẹlòmíràn á fò dìde: "Michael Jordan wà ńlẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ò mú un!" Ariwo lásán ni méjèèjì. Ọ̀nà tí èmi ń gbà yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Rockets ni màá lò. Ẹ lè fi ẹgbẹ́ tó wù yín rọ́pò rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n dáadáa: lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ 30 tó wà nínú NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á máa mú agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, ìpele méjì. Ẹgbẹ́ tí sáà tó kọjá bá le koko fún ló sábà máa ń wà níwájú. Ìyẹn ni draft.

1. Ẹ la ìwé

Ẹ mú ìwé kan, ẹ pín in sí òpó mẹ́rin: ọdún, nọ́ńbà tí wọ́n fi mú ọmọ náà, orúkọ rẹ̀ àti ti àwọn márùn-ún tí wọ́n mú tẹ̀ lé e, ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí. Orúkọ gbogbo wọn wà lórí ìkànnì Basketball-Reference, ẹ kò ní san kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Ẹgbẹ́ tí wọ́n pe orúkọ ọmọ náà mọ́ lálẹ́ ọjọ́ draft ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, ó sì lè má jẹ́ òun ló gba ọmọ náà. Ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Mo rí Rudy Gay, nọ́ńbà 8 ní 2006, lábẹ́ Rockets, mo bá fún wọn ní máàkì ńlá. Gay kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún wọn: òun àti Stromile Swift ni wọ́n fi gba Shane Battier lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Memphis. Nicolas Batum, nọ́ńbà 25 ní 2008, náà rèé: Portland ló bọ́ sí. Alperen Şengün, ọmọ ilẹ̀ Tọ́kì tó wọ ẹgbẹ́ All-Star, ẹgbẹ́ àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù sáà náà, ní 2025, ni tiẹ̀ yí padà. Ẹ wá a títí lábẹ́ Houston ní 2021, ẹ kò ní rí i. Oklahoma City ni wọ́n kọ sí i lára, nọ́ńbà 16. Àǹfààní ìpele àkọ́kọ́ méjì ti ọjọ́ iwájú ni Rockets fi gbà á lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó ṣòro jù láti kọ ni ìlà 2001. Wọ́n pe Richard Jefferson fún Houston ní nọ́ńbà 13, Jason Collins ní 18, Brandon Armstrong ní 23. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kó fún New Jersey Nets kí wọ́n lè gba ọmọ kan, Eddie Griffin, tó jẹ́ nọ́ńbà 7. Sáà méjì péré ni Griffin lò ní Houston. Jefferson àti Collins sì bá Nets dé àṣekágbá NBA ní 2002, wọ́n tún débẹ̀ ní 2003. Báírò pupa ni mo fi kọ ìlà yẹn.

2. Ẹ yọ oríire kúrò nínú ọgbọ́n

Láàárín ogún ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni nọ́ńbà 1 bọ́ sí Rockets lọ́wọ́: Ralph Sampson ní 1983, Hakeem ní 1984, Yao Ming ní 2002. Owó ẹyọ tí wọ́n ta sókè ló bá wọn gba méjì àkọ́kọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn: ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn ní ìhà Ìlà-Oòrùn àti èyí tó gbẹ̀yìn ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn á ta owó ẹyọ, ẹni tó bá já fún ni yóò kọ́kọ́ mú. Indiana ló pàdánù ní 1983. Ní 1984, Portland tó ti gba ipò Indiana ló pàdánù.

Rockets ti fìdí rẹmi nínú ìdíje 68 lára 82 ní sáà 1982-83, wọ́n tún fìdí rẹmi nínú 53 ní sáà tó tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ni. Nígbà tó fi máa di 1985, NBA ti gbé owó ẹyọ tì, wọ́n gbé lọ́tìrì wá.

Hakeem ńkọ́? Ọmọ Èkó ni, tó ti máa ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kí ó tó mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, Yunifásítì Houston ló sì ti ń gbá a. Ìtòsí ilé wọn gan-an ló wà. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ yòówù tí owó ẹyọ ì bá já fún, òun ni wọn ì bá mú. "Oríire" ni mo kọ síwájú orúkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń dùn mí láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún Ọlájuwọ́n.

3. Àwọn márùn-ún tó tẹ̀ lé e nìkan ni kí ẹ wò

Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan lẹ́bi, ẹ wo àwọn márùn-ún tí wọ́n mú lẹ́yìn ọmọ tí wọ́n mú. Ẹ má lọ fa ẹnì kan tó jókòó sí nọ́ńbà 40 jáde, gbogbo ayé ló fojú fò ó.

Jordan, nọ́ńbà 3 ní 1984, wọ inú òfin yìí. Ẹ wá gbé e sórí òṣùwọ̀n: Hakeem gba ife ẹ̀yẹ méjì fún Houston, 1994 àti 1995, kò sì sí ẹni tó dí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sáwọ̀n tó o nínú ìtàn NBA: ìgbà 3,830. Àwọn ọ̀tá á ní Jordan ti fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n sílẹ̀ ní 1994. Kí ló kan Rockets níbẹ̀? Ẹni tó bá mú Hakeem kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Portland, tó mú Sam Bowie ní nọ́ńbà 2, ni kó máa wá àlàyé ṣe.

Àlàyé wọn sì wà: wọ́n ti ní Clyde Drexler, tó ń gbá ipò Jordan. Ọ̀dọ̀ Drexler yìí gan-an ni mo ti tẹ òfin ara mi lójú díẹ̀. Ní 1983 Rockets ní nọ́ńbà 1 àti nọ́ńbà 3. Sampson àti Rodney McCray ni wọ́n mú. Drexler dàgbà ní Houston, yunifásítì kan náà pẹ̀lú Hakeem ló sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó wà ńlẹ̀ títí dé nọ́ńbà 14 kí Portland tó gbé e. Márùn-ún mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ ń rí ní ìgboro yín lójoojúmọ́! Ní oṣù kejì 1995, Rockets yọ̀ǹda Otis Thorpe, agbábọ́ọ̀lù wọn, àti àǹfààní ìpele àkọ́kọ́ kan kí wọ́n tó rí i gbà. Ó sì bá wọn gba ife ọdún yẹn.

Ìlà Yao rọrùn. Jay Williams ló tẹ̀ lé e, jàǹbá alùpùpù sì fòpin sí eré rẹ̀ lẹ́yìn sáà kan. Ẹsẹ̀ ló yọ Yao lẹ́nu títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 2011. N kì í yọ máàkì torí àìlera tí ẹnikẹ́ni kò lè rí ṣáájú. Èyí tó ń dun olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ni 2021: wọ́n mú Jalen Green ní nọ́ńbà 2, Evan Mobley wà ní 3, Scottie Barnes ní 4.

4. Ìsàlẹ̀ àtòjọ ni kí ẹ ti wá ojú wọn

Ibi tí ojú ti ń tán ni a ti ń mọ ẹni tó ríran. Máàkì méjì ni mo máa ń fún ọmọ tó bá wúlò tí wọ́n mú lẹ́yìn nọ́ńbà 10, mẹ́ta bó bá kọjá 20. Ní 1970, nígbà tí Rockets ṣì wà ní San Diego, wọ́n mú Calvin Murphy ní nọ́ńbà 18. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́sàn-án ni gíga rẹ̀. Láàárín àwọn òmìrán yẹn, ọmọdé ni. Sáà 13 ló fi gbá bọ́ọ̀lù, Rockets nìkan ló sì gbá a fún. Robert Horry, nọ́ńbà 11 ní 1992, àti Sam Cassell, nọ́ńbà 24 ní 1993, wà lórí pápá nígbà tí wọ́n gba ife méjèèjì. Lẹ́yìn wọn ni Chandler Parsons, nọ́ńbà 38 ní 2011, àti Clint Capela, nọ́ńbà 25 ní 2014. Tí wọ́n bá bi mí léèrè ẹ̀rí pé Rockets ní ojú, àwọn wọ̀nyí ni màá tò sílẹ̀, n kò ní dárúkọ Hakeem rárá.

5. Ẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dópin

Òpó kẹrin nìyí, òun ló ń gba àkókò jù. Níbo ni nọ́ńbà 3 tí wọ́n fi mú McCray ti wá? Wọ́n fi Moses Malone, ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn, lé Philadelphia lọ́wọ́ ní 1982, Philadelphia sì fún wọn ní ipò Cleveland tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2012 wọ́n mú Jeremy Lamb ní nọ́ńbà 12. Kó tó gbá ìdíje NBA kan, ó ti wà lára ohun tí wọ́n kó fún Oklahoma City láti gba James Harden, ẹni tó gba MVP, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, ní 2018. Máàkì Lamb tipa bẹ́ẹ̀ ga ju ti àwọn tó fi sáà mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ. Jalen Green tí mo bínú sí lókè lẹ́ẹ̀kan náà wà lára ohun tí wọ́n fi gba Kevin Durant ní 2025, mo sì ti padà lọ tún ìlà rẹ̀ kọ.

6. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó mú un

"Rockets" kì í yan ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá kan ló ń yàn. Ray Patterson ló wà níbẹ̀ nígbà Sampson àti Hakeem, Carroll Dawson nígbà Griffin àti Yao, Daryl Morey nígbà Lamb àti Capela, Rafael Stone láti 2020. Bí ẹ bá da iṣẹ́ wọn pọ̀, ẹ ó máa bú ẹnì kan fún ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Àwọ̀ báírò kan fún ọ̀gá kan ni mò ń lò, àyàfi pupa tí mo yà sọ́tọ̀ fún 2001.

Ẹ má sì tètè dájọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo máa ń fún ọmọ kí n tó fi báírò kọ máàkì rẹ̀. Reed Sheppard, nọ́ńbà 3 ní 2024, pẹ́ńsùlù ló ṣì wà síwájú orúkọ tiẹ̀.