Bí mo ṣe gbé ẹja láti Texas City dé Dallas pẹ̀lú ìwé rẹ̀

Ẹja pípa kò le tó ẹja gbígbé. Ohun tí mo rí nìyẹn nígbà tí àbúrò mi obìnrin bímọ, tó ní ẹja inú omi iyọ̀ tí a bá fọwọ́ ara wa pa ni òun fẹ́ kí a fi se ọbẹ̀ ìsọmọlórúkọ. Dallas ni à ń gbé, òkun sì jìnnà sí wa. Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní Houston tí wọ́n mọ agbègbè Galveston bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, mo bá pè wọ́n. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, àmọ́ kí n kọ́kọ́ ka òfin ìpínlẹ̀ Texas lórí ẹja dáadáa, torí ọ̀nà tí ẹja náà máa rìn kì í ṣe kékeré. Títì I-45 tó bẹ̀rẹ̀ ní Galveston, Dallas ló parí sí, ó sì lé ní 280 máìlì. Títí téèyàn fi máa délé, òfin ò tíì kúrò lórí ẹja tó wà nínú kúlà rẹ̀.

Mo ra ìwé àṣẹ. $35 ni ti ẹni tó ń gbé Texas tó fẹ́ pẹja inú omi iyọ̀, irú èyí tí mo rà sì máa ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ìgbà yòówù kéèyàn rà á. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ò nílò rẹ̀.

Orí Texas City Dike ni a ti ju ìwọ̀. Òkúta ni wọ́n kó jọ tí wọ́n fi ṣe é, ó wọ inú Galveston Bay lọ tó nǹkan bíi máìlì 5, mọ́tò sì lè gba orí rẹ̀. Croaker ló kọ́kọ́ ń jẹ. Inú mi dùn, torí kò sí ẹja tí mo fẹ́ràn jù ú lọ nínú ọbẹ̀ ata, ìpínlẹ̀ náà ò sì fi iye tàbí gígùn dè é. Redfish àti trout òkun ni òfin dì mú.

Ẹ̀gbọ́n ní pátákó kan tí wọ́n fàmì ínṣì sí. Wọ́n á tẹ́ ẹja lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á pa ẹnu rẹ̀ dé, wọ́n á ti imú rẹ̀ mọ́ igi tó dábùú orí pátákó, wọ́n á wá fi ọwọ́ kejì fún ìrù rẹ̀ pọ̀ kí ṣóńṣó rẹ̀ lè nà dé ibi tó lè nà dé. Ibi tí ṣóńṣó yẹn bá dé ni gígùn ẹja. Redfish gbọ́dọ̀ wà láàárín ínṣì 20 sí 28, mẹ́ta péré sì ni ẹnì kan lè mú lójúmọ́, láti ààjìn òru dé ààjìn òru. Trout òkun, ínṣì 15 sí 20, mẹ́ta lòun náà. Èyí tó bá kéré, inú omi ló ń padà sí, bó ti wù kó dùn-ún wò tó.

Mo ti gbọ́ táwọn èèyàn ń kùn nípa òfin trout yìí. Èmi ò bá wọn kùn. Nínú oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù já lu Texas débi pé ẹja tó tó mílíọ̀nù 3.8 kú ní etí òkun ìpínlẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí iye tí ìjọba gbé jáde, trout sì wà lára àwọn tó forí fá a. Márùn-ún ni wọ́n ń gbà kéèyàn mú tẹ́lẹ̀, ọdún 2024 ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta. Redfish náà ti rí màbo ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ló dín kù gidigidi, tí Texas fi fòfin de títà redfish àti trout tí wọ́n bá pa nínú omi rẹ̀ lọ́dún 1981. Ẹni tó bá dá ẹja kékeré padà lónìí, ọmọ tí à ń sọ lórúkọ yẹn ló ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹja ńlá kan fa okùn ẹ̀gbọ́n, ó sì pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́. Redfish ni, ó ju ínṣì 28 lọ dáadáa. Tag kan, ìyẹn àmì tí wọ́n ń so mọ́ ẹja, máa ń bá ìwé àṣẹ wá, ọ̀kan irú ẹja ńlá bẹ́ẹ̀ ló sì fàyè gbà lọ́dún. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n fi báírò kọ gbogbo ohun tó yẹ sórí tag náà, kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n sì so ó mọ́ ibi tó tín-ín-rín jù lọ nídìí ìrù. Wọ́n wá ní, “Gbé e lọ fún ìyá ìkókó.” Wọ́n tún fi redfish méjì kún mẹ́ta tí èmi pa.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Láàárín àwa Yorùbá, ẹja tí wọ́n fún ni ti di tẹni nìyẹn. Lójú òfin Texas, ẹja tó ní òté iye tàbí tó gba tag ò lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tó pa á lọ sọ́wọ́ ẹlòmíì láìní ìwé tí wọ́n ń pè ní Wildlife Resource Document. Ìwé lásán ló tó, ọwọ́ la sì fi kọ tiwa. Ẹ̀gbọ́n kọ orúkọ wọn, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ wọn. Wọ́n kọ orúkọ èmi tí mo gbà á. Wọ́n kọ ọ́ pé redfish mẹ́ta ni, pé ọ̀kan ní tag, ọjọ́ tí wọ́n pa á, àti pé Galveston Bay ní Galveston County ni. Wọ́n fọwọ́ sí i. Mo fi sínú ọ̀rá kí omi yìnyín má bàa ba á jẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí kúlà.

Ọ̀rọ̀ orí àti ìrù náà ṣe pàtàkì. Níwọ̀n ìgbà téèyàn bá ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú omi, tàbí lórí afárá ìpẹja, kò gbọ́dọ̀ gé orí tàbí ìrù ẹja kúrò, àfi irú ẹja díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Ó dìgbà tó bá gúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gidi, tí kò sì ní fi ọkọ̀ ojú omi gbé e mọ́. Èmi ò gé tèmi títí mo fi délé. Ìfun nìkan ni mo yọ. Ẹja tó wà lódindi, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí kúlà á mọ irú ẹja tó jẹ́, á sì lè wọn gígùn rẹ̀, kò ní bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, orí ẹja ni àwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ bèèrè níwájú abọ́ ọbẹ̀.

Game warden kan, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ẹran àti ẹja, dá wa dúró kí a tó kúrò níbẹ̀. Wọ́n ka ẹja, wọ́n wọn méjì, wọ́n yí tag síbí sọ́hùn-ún, wọ́n ka ìwé ẹ̀gbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì kí wa kú oríire ọmọ.

Ilẹ̀ ti ṣú, mo bá sun hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: òfin ò ka hòtẹ́ẹ̀lì sí ilé ẹni. Iye tí ẹnì kan lè ní lọ́wọ́ kó tó dé ilé tó ń gbé gan-an jẹ́ ìlọ́po méjì ti ojúmọ́ kan, ìyẹn redfish mẹ́fà. Ẹni tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan ní etí òkun ò lè máa tò ó jọ sínú fírísà hòtẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́ kó wá sọ pé àná ti lọ. Mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi, tí a bá ka èyí tó ní tag mọ́ ọn, mi ò sì padà sídìí omi láàárọ̀. Yìnyín ni mo fi kún kúlà, mo kọrí sí Dallas.

Ilé mi ni a ti sọ ọmọ lórúkọ. Redfish ńlá yẹn nìkan kún ìkòkò méjì. Màmá kan tó máa ń ta oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tọ́ ọ wò, wọ́n ní èló ni mo máa ta ìyókù. Mo ní, “Mà, ẹja tí a fi irú ìwé àṣẹ yìí pa kì í ṣe títà.” Croaker tó kù ni mo bù fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ni òfin ò fi iye dè, wọn ò nílò ìwé kankan láti gbé e lọ sílé.