Òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí káàdì gíráfíìkì Hackintosh

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá káàdì gíráfíìkì GTX 1060 ti NVIDIA kan jà. Hackintosh ni mo ń ṣe, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti Apple tí a fi macOS, ètò tó ń darí Mac, sí. Mo ti to kọ̀ǹpútà náà tán, macOS Mojave ti wọlé, ṣùgbọ́n bí mo bá fa fèrèsé kan láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, ńṣe ni yóò máa wọ́ tẹ̀lé ọwọ́ mi bí ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Mo tún config.plist, fáìlì ètò tí Hackintosh fi ń tàn, kọ, mo tún un kọ, mo pààrọ̀ kext, ìyẹn àwọn àfikún kékeré fún macOS, oorun wákàtí méjì péré ni mo ń sùn lóru. Nígbà tí mo wá mọ òdodo ọ̀rọ̀, kò sí àṣìṣe kankan nínú fáìlì yẹn. Ọjọ́ tí mo sanwó káàdì ni mo ti ṣe àṣìṣe mi.

Wọ́n ní, “Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́.” Ó ní, “Òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.” Bí ọ̀rọ̀ káàdì gíráfíìkì lórí Hackintosh ṣe rí gan-an nìyẹn. Ibi tí ojú kọ̀ǹpútà ti dúdú kọ́ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó sì rántí pé àdéhùn Apple sọ pé orí kọ̀ǹpútà Apple nìkan ni kí a fi macOS sí, nítorí náà kò sí ẹnìkan ní Apple tí ẹ lè pè kó wá bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó wo ìsàlẹ̀.

Ẹ má fi orúkọ ara páálí ra káàdì

Káàdì tí Apple fi sínú Mac nìkan ni Apple ń kọ dráífà fún, ìyẹn ètò tí macOS fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀. Ohun tí WhateverGreen, kext tí a ń lò fún gíráfíìkì, ń ṣe ni pé ó ń tún ọ̀nà ṣe fún dráífà tó ti wà nílẹ̀. Bí dráífà kò bá sí, kò sí ohun tí yóò tún ṣe.

Ọ̀dọ̀ NVIDIA ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. NVIDIA fúnra rẹ̀ ló kọ dráífà tí GTX 900 àti GTX 10 ń lò, Web Driver ni wọ́n ń pè é, orí High Sierra, ìyẹn macOS 10.13 ti ọdún 2017, ló sì parí sí. Láti Mojave ọdún 2018 síwájú, kò sí mọ́. GTX 16 àti gbogbo RTX kò tiẹ̀ ní ọ̀kan rí. Àwọn káàdì NVIDIA àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kepler, bíi GTX 680 àti GTX 780 ni Apple ní dráífà fún, àwọn náà bá a dé Big Sur kí Monterey ọdún 2021 tó yọ wọ́n kúrò. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé òun ní kext tí yóò mú RTX 3060 ṣiṣẹ́ lórí Ventura, ẹ pa owó yín mọ́ sápò.

Ọ̀dọ̀ AMD ló dára jù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni nọ́ńbà ti ń tan ènìyàn jẹ. A máa ń rò pé bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni káàdì yóò ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. RX 6600 àti 6600 XT ń ṣiṣẹ́ láti Monterey 12.1. RX 6800, 6800 XT àti 6900 XT ń ṣiṣẹ́ láti Big Sur 11.4. RX 6700 XT tó wà láàárín wọn kò ṣiṣẹ́! Ìdí rẹ̀ ni pé chip (ọpọlọ inú káàdì) Navi 21 àti Navi 23 ni Apple kọ dráífà fún, Navi 22 sì ni ó wà nínú 6700 XT. RX 6400 àti 6500 XT jẹ́ Navi 24, àwọn náà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdílé RX 7000 látòkè délẹ̀. Kext kan wà tó ń jẹ́ NootRX tí àwọn kan fi ń mú Navi 22 dìde, wọ́n sì ní láti yọ WhateverGreen kúrò kí wọ́n tó lò ó. N kò ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ nímọ̀ràn pé ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

RX 550 ló burú jù nínú wọn, torí orúkọ kan náà ló wà lára chip méjì. Èyí tó jẹ́ Baffin ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Èyí tó jẹ́ Lexa kò ṣiṣẹ́ bí kò ṣe pé ẹ parọ́ fún macOS pé káàdì mìíràn ni, ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ irọ́ náà kì í dúró. Ẹ má bi ẹni tó ń tà á, torí òun náà lè má mọ̀. Ẹ ní kó fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà Windows, kí ẹ ṣí GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà níbẹ̀, kí ẹ wo Device ID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ chip rẹ̀. Bí ẹ bá rí 699F, Lexa ni. Bí ó bá jẹ́ 67FF, Baffin ni.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àlòkù tí wọ́n fi wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Ethereum, ọ̀kan nínú owó bẹ́ẹ̀, kúrò lórí káàdì gíráfíìkì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, RX 570 àti 580 kún ọjà àlòkù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti yí BIOS orí káàdì, ètò àkọ́kọ́ tó ń tan káàdì, padà kó lè wa owó dáadáa. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí Windows kó sì kọ̀ lórí macOS. Àwọn káàdì kan ní bọ́tìnì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń yan láàárín BIOS méjì. Ẹ kọ́kọ́ tì í sí apá kejì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Ẹ má rò pé bí àwòrán bá ti hàn, káàdì ti ń ṣiṣẹ́

Èyí ni ó mú mi ṣòfò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí macOS kò bá rí dráífà fún káàdì, kì í fi ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní dúdú ní gbogbo ìgbà. Ó lè lo VESA, ìyẹn àwòrán ṣákálá tí káàdì èyíkéyìí lè yà, kí processor wá máa ru ẹrù gíráfíìkì lórí. Ẹ ó rí Dock, ìlà àmì àwọn ètò tó wà nísàlẹ̀, ẹ ó rí àkọsílẹ̀ òkè, ẹ ó sì máa bú RAM tàbí SSD pé wọn ò yára.

Ẹ lọ sí System Information, ẹ ṣí Graphics/Displays. Bí ìrántí káàdì tí ó kọ síbẹ̀ bá jẹ́ 7 MB tàbí iye kékeré bẹ́ẹ̀, tí ìlà Metal, ètò gíráfíìkì Apple, kò sì sí, VESA lẹ wà. UHD 630, gíráfíìkì inú processor Intel, tó ń ṣiṣẹ́ yóò kọ 1536 MB. RX 580 yóò kọ 8 GB tàbí 4 GB rẹ̀. Dock tí a kò lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ fírífírí jẹ́ àmì mìíràn. Títí àmì yìí yóò fi kúrò, ẹ má tíì dá sí ohun tó kù, ẹ má tíì wá ẹ̀sùn sí ohùn tàbí Wi-Fi lẹ́sẹ̀.

Ẹ má pe gbogbo ojú dúdú ní nǹkan kan náà

Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé “ojú kọ̀ǹpútà mi dúdú”, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé: ìgbà wo ló dúdú?

Bí ó bá dúdú kí àmì Apple tó yọ, macOS kò tíì dé ibẹ̀ rárá, kí ẹ má fọwọ́ kan kext. Ẹ wo wáyà, ẹ wo BIOS motherboard. Ó ń yà mí lẹ́nu bí iye ènìyàn tó ra káàdì tuntun ṣe pọ̀ tó tí wáyà mọ́nítọ̀ wọn ṣì wà lẹ́yìn motherboard. Bí motherboard yín bá ní ojú VGA, ẹ gbàgbé rẹ̀. Lórí gíráfíìkì Intel láti Skylake (processor ìran kẹfà) síwájú, macOS kì í sábà gbé àwòrán jáde níbẹ̀. Ẹ lo DisplayPort tàbí HDMI.

Bí ó bá jẹ́ pé àmì Apple yọ, ẹ fi -v, keepsyms=1 àti debug=0x100 sí boot-args, ìlà àṣẹ inú config.plist tí macOS ń kà bó ṣe ń tàn, kí ọ̀rọ̀ lè máa ṣàn lójú kọ̀ǹpútà dípò àmì náà. Ẹ fi fóònù ya ìlà tó kẹ́yìn. Bí ìlà náà bá ní gIOScreenLockState nínú, ibi tí macOS ti fẹ́ gbé àwòrán lé dráífà lọ́wọ́ lẹ ti dúró. Ìròyìn ayọ̀ ni, torí díìsìkì àti processor ti yege. Gíráfíìkì nìkan ló kù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà náà wà láàyè kó jẹ́ mọ́nítọ̀ nìkan ni kò rí nǹkan. Nígbà tí àwòrán ṣì ń hàn, kódà lórí VESA, ẹ tan Remote Login sílẹ̀ nínú System Settings. Bí ó bá dúdú lẹ́yìn náà, ẹ fi SSH, ọ̀nà tí a fi ń kọ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, wọlé láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ilé. Bí ó bá dá yín lóhùn, macOS ti dìde tán, ó kàn kọ̀ láti fi ara hàn ni. Lórí RX 5500 XT, 5600 XT, 5700 àti RX 6000, àìsí agdpmod=pikera nínú boot-args ló sábà máa ń fa èyí: macOS wo orúkọ Mac tí ẹ fún un nínú config.plist, ó ní irú Mac yìí kì í lo irú káàdì yìí, ó sì pa ojú rẹ̀ dé.

Ẹ má kó EFI ẹlòmíràn wọlé

Ojú ń kán wa, mo mọ̀. A rí ẹni tó ní motherboard tiwa gan-an, a gba fódà EFI rẹ̀, èyí tí config.plist àti kext rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé wáyà mọ́nítọ̀ tirẹ̀ wà níbi tí tiyín wà? Bí gíráfíìkì inú processor, UHD 630, bá ń gbé mọ́nítọ̀, 07009B3E ni a máa ń kọ sí AAPL,ig-platform-id, nọ́ńbà tó ń sọ fún macOS bí yóò ṣe lo gíráfíìkì Intel. Bí káàdì gíráfíìkì bá ń gbé mọ́nítọ̀, tí UHD 630 kàn ń ṣèrànwọ́ lẹ́yìn, 0300913E ni lórí processor Coffee Lake (ìran kẹjọ àti ìkẹsàn-án). Fi èkíní sí ipò èkejì, ojú dúdú ni ẹ ó rí.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ti fi ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn gbolẹ̀. Nínú ìwé àlàyé WhateverGreen, ẹ ó rí nọ́ńbà kan náà ní 0x3E9B0007. Ẹ̀yìn la ti ń kà á bọ̀ nígbà tí a bá ń kọ ọ́ sínú config.plist, méjì méjì: 07, 00, 9B, 3E. Ẹni tó bá kọ 3E9B0007 síbẹ̀ bó ṣe rí i kò ní rí àṣìṣe tó ṣe, torí nọ́ńbà náà ló ń wò.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ Mac tí onítọ̀hún fi ń wọ iCloud náà wà nínú EFI yẹn. Ẹ má lò ó.

Ẹ má kó boot-args jọ bí ẹni ń sa àgbo

Gbogbo àgbo kọ́ ni a ń pò pọ̀. Mo ti rí ìlà boot-args tó ní agdpmod=pikera fún RX 580 tí kò nílò rẹ̀, tó ní nvda_drv=1, tó jẹ́ ti NVIDIA, fún káàdì AMD, tó sì tún ní -wegnoegpu. Èyí tó kẹ́yìn yìí pípa ló ń pa káàdì gíráfíìkì! A máa ń fi í sí i nígbà tí a bá ń fi macOS sí orí díìsìkì, kí káàdì tí kò ní dráífà má baà dí wa lọ́wọ́. Ẹni náà gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó wá ń sunkún pé macOS kò rí káàdì òun. -igfxvesa, tó ń ti gíráfíìkì Intel sí VESA, náà ń kó ènìyàn sí irú wàhálà yẹn.

Ẹ yí ẹyọ kan padà, ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ wò ó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ sì rí i dájú pé ohun tí ẹ yí padà yí padà lóòótọ́: OpenCore, ètò tó ń tan Hackintosh, kì í kọ boot-args tuntun lé èyí tó ti wà nínú NVRAM, ìrántí kékeré inú motherboard, lórí, àyàfi bí orúkọ boot-args bá wà lábẹ́ Delete nínú apá NVRAM. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lè máa tún fáìlì kọ láti àárọ̀ di alẹ́ kí ti àná ṣì máa ṣiṣẹ́. Ẹ lo Reset NVRAM lójú ewé OpenCore. Ní ti kext, Lilu, èyí tí WhateverGreen gbára lé, ni kó ṣáájú WhateverGreen, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ti tuntun.

Ẹ má gbà pé BIOS ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀

Bí ètò inú BIOS motherboard ṣe yẹ kó wà nìyí: CSM, ọ̀nà ìtànná àtijọ́, ní pípa, Above 4G Decoding ní títàn, DVMT, ìrántí tí a yà sọ́tọ̀ fún gíráfíìkì Intel, ní 64 MB bí ẹ bá ń lò ó. Bí Resizable BAR bá wà, ẹ pa á, tàbí kí ẹ fi ResizeAppleGpuBars inú config.plist sí 0. Ìyẹn ò le. Ohun tó le ni pé lọ́dọ̀ wa níbí, iná ń lọ, iná ń bọ̀. Bí bátìrì CR2032 tó wà lórí motherboard bá ti kú, gbogbo ètò BIOS yóò padà sí bí ó ṣe wà ní ilé iṣẹ́ lọ́jọ́ tí iná bá lọ, CSM yóò sì tàn padà. Ojú kọ̀ǹpútà mi dúdú láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, mo sì ti tú config.plist dé ìdajì kí n tó rántí wo aago inú BIOS. Ọdún àtijọ́ ló ń kà. Bátìrì tuntun ló yanjú ẹ̀.

Ẹ má tẹ update torí pé ó yọ lójú

Ventura ọdún 2022 kò gba HD 4600 ti Haswell mọ́, ó sì lé HD 530 ti Skylake dànù, àfi bí ẹ bá pè é ní Kaby Lake, ìran tó tẹ̀lé e. Lórí Ventura kan náà, dráífà Polaris, ìdílé tí RX 580 wà, ń béèrè AVX2, irú àṣẹ ìṣirò kan, lọ́wọ́ processor, nítorí náà RX 580 tó ń fò lórí Monterey pẹ̀lú i7-3770 tí kò ní AVX2 yóò dákẹ́ lójijì. Gíráfíìkì inú processor Intel ìran 11 ti orí tábìlì síwájú kò ní dráífà kankan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, Apple kéde pé macOS Tahoe ni yóò jẹ́ ìkẹyìn tó máa ṣiṣẹ́ lórí Mac tó ní Intel.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wo orúkọ chip yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fi Time Machine ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, kí ẹ sì da EFI tó ń ṣiṣẹ́ kọ sórí fúláàṣì tí ẹ kò ní lò fún nǹkan mìíràn. Tèmi wà nínú dúráwà lábẹ́ tábìlì, mo fi bébà lẹ̀ ẹ́ lára: RX 6600, Navi 23, Monterey, àti ọjọ́ tí mo dà á kọ.