Bí mo ṣe yan okùn àti irin tí mo fi fa Golf jáde nínú ẹrẹ̀ lágbègbè Máìlì 12

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Agiliti, lẹ́yìn Máìlì 12 l'Ékòó níbẹ̀ yẹn, á mọ̀ pé tó bá ti di oṣù kẹwàá, tí wọ́n ti ṣí omi tí wọ́n sé sí Ọ̀yán sílẹ̀ tí odò Ògùn sì ti kún, ilẹ̀ ibẹ̀ ò ṣe é fọkàn tán mọ́. Omi lè ti fà o, òkè ilẹ̀ á gbẹ lójú, àmọ́ ẹrẹ̀ ló wà lábẹ́. Ibẹ̀ ni Golf bọ̀dá kan tá a jọ ń gbé àdúgbò rì sí, wọ́n ń fi rìfáàsì yẹra fún típà oníyanrìn ni táyà ẹ̀yìn bá wọlẹ̀, ni wọ́n wá ń tẹná mọ́ ọn, táyà iwájú náà bá gbẹ́ ihò fúnra ẹ̀.

Wọ́n pè mí torí pé jíìpù Highlander ni mò ń wà. Kí n tó débẹ̀ àwọn bọ́ìsì ti kó irinṣẹ́ jọ, ẹnì kan gbé ṣéènì tó ti dógùn-ún dé, òmíràn gbé okùn búlúù tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi wá láti etí omi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ọjà Owóde Onírin ò jìnnà, ọkọ̀ yìí ò ní sá lọ.

Ìdí tí mo fi le bẹ́ẹ̀ nìyí. Okùn tí ọkọ̀ méjì bá fà le, agbára wà nínú ẹ̀, tó bá já tàbí tí ibi tí wọ́n so ó mọ́ bá ya, ohun tó wà létí ẹ̀ máa fò lọ bí ọta ìbọn, tó bá wá jẹ́ irin, gíláàsì ọkọ̀ ò lè dá a dúró. Highlander tèmi ní ibi tí wọ́n ń fa tírélà sí lẹ́yìn, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni, irin roboto kan sì wà lórí ẹ̀, òun ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń nawọ́ sí pé kí n gbé okùn kọ́. Mi ò gbà. Irin roboto yẹn, tírélà tó ń yí táyà lọ lórí títì ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún ọkọ̀ tó rì. Ní Ọsirélíà ó ti já, ó sì ti pa èèyàn tó jókòó sínú ọkọ̀. Mo yọ ọ́ kúrò pátápátá, mo sì wá irin mìíràn tó wọ inú ihò onígun mẹ́rin yẹn, tí wọ́n ń kọ́ shackle sí, ìyẹn irin tó tẹ̀ bíi U tí irin gbọọrọ kan dí ẹnu ẹ̀. Ọjà Ládípọ̀ ni mo ti rí irin onígun mẹ́rin yẹn, torí wọn ò ní in ní Owóde.

Shackle gan-an ni mo fara balẹ̀ rà jù. Bàbá tó ń tà á da oríṣiríṣi sílẹ̀ fún mi, àwọn kan ń dán, wọ́n kùn ún dáadáa, kò sí nǹkan kan lára ẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èyí tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀ ni mò ń wá o." Wọ́n ní, "Nọ́ńbà kí ni? Irin ni irin." Mo bá ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dáa, wọ́n tẹ ìwé sára irin náà fúnra ẹ̀, ó yọ sókè, o lè fi ìka bà á: WLL, lẹ́yìn náà 3¼T tàbí 4¾T. Tún wo irin gbọọrọ tó gba ẹnu ẹ̀ kọjá, ó máa ń ki ju ara shackle náà lọ. Èyí tí tiẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sì ní nọ́ńbà, wọ́n lè fi so géètì, kì í ṣe ọkọ̀. Mo mú 4¾T fún ẹ̀yìn Highlander, mo mú 3¼T fún irin olójú tí wọ́n fi ń fa Golf níwájú.

Nọ́ńbà yẹn, ẹrù tó lè máa gbé láìséwu ni, ní tọ́ọ̀nù. Ti okùn yàtọ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ sára okùn ni ibi tó ti máa já, nítorí náà má fi méjèèjì wéra. Golf ò ju bíi tọ́ọ̀nù kan lé díẹ̀ lọ, àmọ́ ẹrẹ̀ fúnra ẹ̀ máa ń di ọkọ̀ mú, ohun tí okùn máa rí lè ju ìwọ̀n ọkọ̀ lọ dáadáa. Èmi kì í gba okùn tí ibi tó ti máa já kò tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ọkọ̀. Mo ra èyí tó fẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 5, tí wọ́n kọ tọ́ọ̀nù 5 sí, mítà 6 ni gígùn ẹ̀. Wọ́n fi èyí tó ní ìkọ́ irin létí méjèèjì hàn mí, ó rọrùn láti kọ́ lóòótọ́, mo dá a padà, torí ìkọ́ yẹn náà ni yóò fò tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Tèmi, wọ́n ká etí ẹ̀ wọ́n sì rán an pọ̀. Ẹni tó bá kọ tọ́ọ̀nù 10 sára okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú ṣòkòtò, irọ́ ló ń pa.

Okùn pólíẹ́sítà ni mo mú o. Ti náílọ́ọ̀nù tó máa ń nà, tó lè nà tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gígùn ẹ̀, ó dáa gan-an fún jíìpù tó ní ojú tó lágbára lára ṣásì, ọkọ̀ tó ń fà á á sáré díẹ̀ kí okùn wá fa ọkọ̀ kejì lójijì. Golf ò lè gba irú ìfà òjijì bẹ́ẹ̀. Irin olójú tí wọ́n fi ń fà á, inú bọ́ọ̀tù ló wà lọ́dọ̀ jáàkì, wọ́n máa ń yí i wọ inú bọ́ńpà iwájú, ìdérí kékeré kan ló bo ihò ẹ̀. Bọ̀dá ti ń yí i sí ọ̀tún kò sì wọlé, wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́ ni, mo ní "Ẹ yí i sí òsì, sà." Òsì ni ti Golf. Mo fi sípánà táyà tì í dé ìdí pátápátá, torí tó bá kù díẹ̀ síta ó lè tẹ̀ tàbí kó kán.

Ká tó fa ohunkóhun a gbẹ́lẹ̀. Àwọn bọ́ìsì fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti lábẹ́ ọkọ̀, a ki pákó sábẹ́ táyà iwájú. Ìyẹn ló mú kó rọrùn ju okùn lọ. Mo gbé Highlander síwájú ẹ̀ gbọọrọ, kí ó má fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo yí irin shackle dópin, mo dá a padà díẹ̀ kó má baà há. Mo ju rọ́ọ̀gì ńlá kan tó ti rin omi sáàárín okùn, tó bá já á fà á wálẹ̀. Mo wá lé gbogbo èèyàn. Okùn mítà 6, ẹ jẹ́ á fún un ní mítà 9 ó kéré tán, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ da ẹsẹ̀ kọjá lórí ẹ̀. Ọmọdé kan ṣì wà nítòsí pẹ̀lú fóònù, mi ò tẹná rárá títí ìyá ẹ̀ fi wá mú un, torí ojú ò ṣe é rà lọ́jà.

Bọ̀dá jókòó sínú Golf, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ kí stírìn àti bíréèkì má le, wọ́n wà ní gíà kìíní. Mo fi Highlander sí gíà L, èyí tó máa ń rọra rìn, mo rìn díẹ̀díẹ̀ títí okùn fi le, mo dúró, mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú gíláàsì, mo wá tẹná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó jáde.

Lẹ́yìn ẹ̀ mo fi omi fọ okùn dáadáa, torí iyanrìn tó bá kù sínú ẹ̀ á máa gé òwú ẹ̀ jẹ láti inú, mo sá a síbi òjìji torí oòrùn náà ń ba okùn jẹ́. Mo wo ibi tí wọ́n rán, kò tú. Ọjọ́ tí mo bá rí ibi tó ya, mi ò ní ta kókó sí i, torí kókó á gba ọ̀pọ̀ nínú agbára ẹ̀. Bọ̀dá ní kí n júwe ọ̀dọ̀ bàbá oníshackle fáwọn, mo júwe, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìka ba nọ́ńbà ẹ̀ kí wọ́n tó sanwó.