Bí mo ṣe tọ́jú ológbò tí kòkòrò ń jẹ ní etí

Ológbò tó ń pa eku ní ìsọ̀ àgbàdo kan nítòsí Ọjà Ọba, Òṣogbo, ni mo tọ́jú. Ó ń gbọn orí ṣáá, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ etí títí irun ibẹ̀ fi re. Ìdọ̀tí dúdú gbígbẹ, tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí èédú tí a lọ̀, ló kún etí méjèèjì. Mo fi òwú gbá díẹ̀ sórí bébà dúdú, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nǹkan funfun bíńtín tó ń rìn níbẹ̀, kòkòrò etí nìyẹn. Bó bá jẹ́ ọyún tó ń rùn ni ẹ rí, tàbí tí orí ẹran náà gbè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àìsàn mìíràn lè wà níbẹ̀.

Dókítà ẹranko ló kọ́kọ́ tan iná wo awọ inú etí. Bí awọ yẹn bá ti lu, ohun tí a bá kán sí i lè di í létí pa.

Mo fi aṣọ ìnura dì í, orí nìkan ló yọ síta. Mo ki ìgò òróró ólífì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo kán ẹ̀kán 4 sí etí kan, mo rọra fọwọ́ pa ìdí etí fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà mo jẹ́ kó gbọn orí, mo sì fi òwú nu ohun tó jáde. Ẹ má ki igi olówùú wọ inú rárá: ihò etí ológbò lọ sísàlẹ̀ kó tó ṣẹ́ kọrọ̀, ìdọ̀tí lẹ máa tì wọlé.

Òróró kì í pa ẹyin kòkòrò. Láti ẹyin dé àgbà gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, ìdí nìyí tó fi máa ń padà bí a bá tètè dáwọ́ dúró. Dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ ivermectin, oògùn tó ń pa kòkòrò ara ẹran, ó tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Ìwọ̀n rẹ̀ ni miligíráàmù 0.2 fún kílò kan. Ológbò yìí tó kílò 3, nítorí náà mílílítà 0.06 ni nínú oògùn ìdá 1 nínú 100, èyí tí mílílítà 1 rẹ̀ ní miligíráàmù 10. Màlúù ni wọ́n ṣe ìgò yẹn fún. Mílílítà 1 tó ẹran kílò 50. Ẹ ò rí i pé àṣìṣe ojú ìlà kan lórí síríńjì lè dá ológbò wó! Ẹ má fúnra yín gún un, ẹ má sì fún ọmọ ológbò kéékèèké.

Kẹrosíìnì àti ọ̀tápíapíà tí àwọn kan ń rọ sí i, májèlé ni: á bó o lára, ológbò náà á sì tún lá a. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin náà ń pa ológbò.

Ọjọ́ kan náà la tọ́jú ológbò kejì tó wà nínú ìsọ̀, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá. A fi omi gbígbóná fọ àpò tí wọ́n ń sùn lé, a sá a sóòrùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 mo tún gbá etí sórí bébà dúdú, kò sí ohun tó ń rìn mọ́. Bí ewé etí bá wú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú rẹ̀, ẹ má gún un. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.